Ọmọ Inú Aṣọ Ìnujú

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ èmi àti àbúrò mi ní Òrè. Ìyá là ń pè wọ́n. Bí ìsìn bá ti gùn jù nílé àdúrà wa, níbi tí a kì í ti í wọ bàtà, wọn á ká aṣọ ìnujú funfun wọn, wọn á ta á ní kókó kan tó jọ orí, ó di ọmọ. Wọn á ní, "Ẹ rọra o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni." A ó sì dákẹ́, kí ó má baà jí.

Nígbà tí owó epo dé, iṣẹ́ ìjọba gbé àwọn òbí wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ní kí Ìyá kó wa wá. Lẹ́nu ọ̀nà bàálù, Ìyá bọ́ bàtà wọn.

"Ẹ wọ bàtà yín, mà," ni òṣìṣẹ́ bàálù kan wí.

"Ṣebí òkè là ń lọ, ọmọ mi?"

Lójú òfurufú, àbúrò mi ń sunkún, èmi náà ní mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá yọ aṣọ ìnujú. Àwa méjèèjì ń gba ọmọ náà gbé lọ́wọ́ ara wa títí bàálù fi balẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, bàbá mi gbá wa mọ́ra. "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ padà sílé ní Òrè, kí ẹ lọ sinmi."

Bí bàbá mi ti ń mú wa lọ, mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá ti jókòó, wọ́n gbé aṣọ ìnujú náà sí àyà, wọ́n ń rọra gbá a lẹ́yìn.