Ibojì Ìyá Bísí Ò Kúrò Níbi Tó Wà

Ìyá Bísí, aya mi, kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yìn ilé mi l'Ẹ́rìò ni mo sin ín sí.

Àbúrò mi ní ilẹ̀ òun ni, ó pè mí lẹ́jọ́. Kóòtù ìbílẹ̀ ní kí n hú òkú náà.

Mo sọ ní àgbẹ̀dẹ pé kí adájọ́ wá hú u fúnra rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ sọ fún un, ó rán mi lẹ́wọ̀n pé mo fojú di kóòtù.

Mo pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lónìí, adájọ́ kóòtù gíga l'Ádó bi akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ náà, "Ṣé iwájú yín ni bàbá ti sọ ọ́?"

"Rárá, olúwa mi. Àgbẹ̀dẹ ni."

"Agbára yín ò dé àgbẹ̀dẹ. Ẹ ò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó ní kó hú òkú."

Ó fagi lé ẹ̀wọ̀n náà àti àṣẹ pé kí n hú òkú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi yọ̀. Bísí, àkọ́bí mi, gba ìwé ìdájọ́ yìí. Ẹni tó bá gbé ṣọ́bìrì dé ibojì ìyá rẹ, kà á sí i létí, èmi ò mọ̀wé.