Ìlà Mẹ́ta Lára Ike Oògùn

Kí o tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn koríko nínú ọjà Ìkàrẹ́, imú rẹ á ti sọ fún ọ pé o ti sún mọ́ ọn. Òórùn náà máa ń ta ni nímú, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ títí tèèyàn á fi padà dé Ọ̀kà, ìlú wa. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn yẹn, oko àgbàdo ìyá mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá mi àti àwọn obìnrin mẹ́rin kan ló jọ ń ṣe àáró nígbà náà. Bí wọ́n bá fín oògùn sí oko ẹnì kan lónìí, ó di oko ẹlòmíì lọ́la. Páńpù kan ni wọ́n jọ ń lò, ṣùgbọ́n kálukú ló ń gbé oògùn tirẹ̀ wá, kálukú ló sì ní àmì tó ń ṣe sára ike rẹ̀ kó má baà dàrú mọ́ ti ẹlòmíì. Ìlà mẹ́ta ni ti ìyá mi. Ìṣó ló fi máa ń ha á. Bí oògùn bá sì tán, ìṣó yẹn náà ló fi ń lu ìdí ike jò kó tó sọ ọ́ nù. Èmi olùkọ́, ọ̀mọ̀wé inú ilé, ni mo sọ pé ìfiṣòfò ni, torí ẹni tó ń ra kòròfo ike ládùúgbò wa kì í gba èyí tó bá ti jò.

Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n máa fọ̀ wọ́n, kí n máa tà wọ́n.”

Ó ní, “Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní ìyẹn ò kàn wá. Ó gbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n tà.

Lọ́dún kan, èmi ló rán lọ sí Ìkàrẹ́ láti ra oògùn tó ń pa koríko tí kì í pa àgbàdo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló tà á fún mi. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dán, ọmọrí rẹ̀ wà ní dídì pa. Mo béèrè rìsíìtì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?” Ojú tì mí, mi ò béèrè mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n fín in ni ìyá mi ránṣẹ́ pè mí sí oko. Àgbàdo tó ti ga dé orúnkún ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí ìgbà tí wọ́n tan iná sídìí rẹ̀. Oko kan ṣoṣo tó dá lọ́dún náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni a ó ti jẹun, ibẹ̀ náà ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ì bá ti wá. Ìyá mi ò sunkún. Ó ń fọwọ́ kan ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, “Èyí náà ti lọ. Èyí náà.” Ó dùn mí ju kó sunkún lọ.

Nígbà tí a délé, mo gbé òfìfo ike náà, mo fẹ́ fọ̀ ọ́ bí ìṣe mi. Ìlà mẹ́ta tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ha wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí omi ṣe kan lébẹ́ẹ̀lì, ó ṣí kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì rí ìlà mẹ́ta mìíràn lábẹ́ rẹ̀, tó ti pẹ́. Ike tiwa ni. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni mo tà á. Mo gbé e lọ fi han ìyá mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ bá alága àwọn tó ń ta oògùn. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ìyẹn ní àwa la ò mọ oògùn pò, pé ó sì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù òun pé ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà.

Alága ní, “Àkọlé ara ògiri ò ní kẹ́ni tó fowó ẹ̀ rajà má gba ojúlówó. Àmọ́ Màmá, kí lẹ máa fi hàn wá pé ayédèrú ni?”

Ike náà wà nínú báàgì lórí itan mi. Bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á bi mí bó ṣe kúrò nílé wa. Mo di ẹnu báàgì náà mú. Ìyá mi wò mí díẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ike náà sórí tábìlì.

Ó ní, “Àmì mi rèé, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Àwa la ta òfìfo rẹ̀. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn. Kí òun náà sọ ẹni tó rọ nǹkan sí i.”

Alága ní kí wọ́n kó gbogbo irú ike bẹ́ẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin náà, wọ́n sì dá owó oògùn padà fún wa. Ṣùgbọ́n ìgbà àti gbin àgbàdo ti kọjá. Ọjà la ti ra àgbàdo jẹ lọ́dún náà, ìyá mi sì tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ àwọn alájọṣe àáró rẹ̀, òun tó jẹ́ pé òun ló máa ń fún wọn.

“Àwa” tó sọ níjọ́ yẹn ò kúrò létí mi. Kò sọ pé “ọmọ mi ló tà á,” bẹ́ẹ̀ ni kò fi bú mi nílé rí. Mo wá ẹni tó ń ra kòròfo ike títí, mi ò rí i mọ́. Ọwọ́ mi ni ìṣó ìyá mi wà báyìí. Kò sí ike oògùn tó tán nílé wa tí mi ò lù jò, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń lù ú, àwọn tí mo ti tà ni mò ń rò. Mi ò mọ iye wọn. Mi ò mọ̀ bóyá Ìkún ni wọ́n lọ ni tàbí Àjọwá, tàbí oko ìyá ta ni wọ́n jó.