Òkúta Fàdákà Tí Mo Fọ̀

Ọjọ́ tí mo fọ òkúta bàbá mi, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láé. Akọ̀wé ni wọ́n ní Ganhi, àdúgbò ìṣòwò ní Kútọnù, láyé àwọn Faransé. Bàbá mi máa ń ra òkúta lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ láti fi ṣe àkójọ, òkúta tó wá láti ibi tí àwọn èèyàn ti ń wa fàdákà látijọ́ lókè òkun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí ọ̀kan tí fàdákà hù lára rẹ̀ bí irun, ó ti dúdú. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, bí a ti ń fọ ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá mi tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ń dán yanran!

Bàbá mi wọlé, wọ́n figbe ta: “Júlíà! Dúdú yẹn ló fi hàn pé ó ti pẹ́!”

Wọ́n mú ìwé pélébé tí orúkọ ibi tí òkúta náà ti wá wà lára rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Júlíà ọmọ mi fọ̀ ọ́ ní Kútọnù.”

Òkúta náà ti dúdú padà báyìí. Orúkọ mi ṣì wà lára ìwé náà.