Ọjọ́ Tí Bàbá Ahunṣọ Tún Sáfà Wa Ṣe

Òórùn eruku tó gbóná ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní yàrá sáfà wa ní Ìsẹ́yìn, nítorí kò sí bí a ṣe lè gbálẹ̀ tó tí eruku pupa kò ní wọlé. Ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni ibi iṣẹ́ mi nígbà náà, ní àdúgbò àwọn ahunṣọ, tó fi jẹ́ pé inú ìró òfì ni a ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ti ń gba ìbéèrè ìdánwò. Bí òun bá dákẹ́, gbogbo ilé dákẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọ yàrá rẹ̀, ọ̀gá wa pàápàá.

Bàbá kan ló ń ṣọ́ géètì fún wa, Bàbá Ahunṣọ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti hun aṣọ òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún wọn tó ní òun ò lè tẹ òfì mọ́. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà ní àpò wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo wà ní Ṣakí, níbi tí mo ti lọ wo ìyá mi, nígbà tí àwọn tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì pè mí pé àdírẹ́sì tí sáfà wa ń lò, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ kejì, pé àwọn ti fi tuntun ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì yẹn gan-an sì ni ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó ni ìdánwò máa kàn sí ilé kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá sáfà ibẹ̀ ń dáhùn. Ilé tí kò bá dáhùn, Ìbàdàn ni wọ́n máa darí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ wa ti wá láti Òkèhò, Otu àti Àgọ́-Àrẹ, wọ́n ti dé sílé ẹbí. Ta ló máa kó wọn dé Ìbàdàn kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù?

N kò bẹ̀rù rárá. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sábẹ́ igi emi tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá mi, mo fi dátà fóònù wọ inú sáfà láti ibẹ̀. Kò sí àwòrán kankan tí ènìyàn ń tẹ̀ níbẹ̀, ojú dúdú lásán ni, o máa kọ àṣẹ sí i ní lẹ́tà lẹ́tà. Mo kọ àṣẹ àkọ́kọ́, pé kó yọ àdírẹ́sì àtijọ́. Mo fẹ́ kọ èkejì, pé kó gba tuntun, ni ojú dúdú náà bá dúró gbagidi. Àdírẹ́sì tí mo yọ yẹn gan-an ni mo gbà wọlé! Mo ti ti ara mi mọ́ta, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú ilé. Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá, o sì mọ ọ̀nà Ṣakí sí Ìsẹ́yìn. Kò sí mọ́tò tó lè gbé mi débẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.

Mo pe Bàbá. O mọ bí àgbà ṣe máa ń ṣe, wọn kò jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀. "Ìyá ńkọ́? Ara wọn ti le? Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Mò ń dáhùn, mò ń wo aago. Nígbà tí mo ráyè, mo ní, "Bàbá, ẹ gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí yàrá sáfà." "Ṣé kí n bọ́ bàtà?" Èmi tí mo ti fẹ́ sunkún, ẹ̀rín pa mí.

Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n jókòó. Mo ní láti pe páásíwọ̀ọ̀dù fún wọn, ojú sì tì mí, nítorí oríkì mi ni, tí n kò sọ fún ẹnì kankan níbi iṣẹ́. "Àṣàkẹ́? Ìwọ tó o le báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo máa pe lẹ́tà kan, wọ́n máa wá a lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún un pè fún mi kí n tó pe òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ka òwú nídìí òfì nìyẹn. Aago mẹ́ta kọjá. Nígbà tó yá, àdírẹ́sì tuntun wọlé. "Kò sọ nǹkan kan o," ni Bàbá wí. Mo ní bí sáfà kò bá ti sọ̀rọ̀, ó ti gbọ́ nìyẹn. "Ọmọ gidi ni," ni wọ́n wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbìyànjú láti Ṣakí, kò ṣí. Ìgbà náà ni mo rántí pé nígbà tí mo yọ àdírẹ́sì àtijọ́, ọ̀nà tí sáfà ń gbà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti bá a lọ. Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ó ti nílé, kò mọ̀nà ọjà." A bẹ̀rẹ̀ àṣẹ kejì, èyí tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́rin lù nígbà tí mo pe èyí tó kẹ́yìn.

"Bàbá, ó ti tó, ẹ tẹ bọ́tìnnì ńlá yẹn!"

"Rárá. Jẹ́ n kà á."

Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jágbe mọ́ àgbàlagbà. Wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Wọ́n dúró. "Méje méjì lo pè, ẹyọ kan ni mo rí." Òótọ́ ni. Wọ́n fi ìkejì sí i, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Mo gbìyànjú láti Ṣakí, sáfà sì bi mí ní páásíwọ̀ọ̀dù. Mo pariwo débi pé ìyá mi sáré jáde. Mo yára kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tí sáfà ń kà nígbà tó bá jí, kó má bàa gbàgbé bí iná bá lọ. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, wọ́n kàn sí wa, ó dáhùn. Mo gbéra lọ sí gáréèjì láti padà sí Ìsẹ́yìn.

Àwọn ọmọ ṣèdánwò wọn lọ́jọ́ kejì láìsí wàhálà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé èlùbọ́ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ fún Bàbá. Wọ́n súre fún mi, wọ́n wá bi mí pé, "Àṣàkẹ́, kí lo ṣe fún sáfà gan-an?" Mo ní mo yọ ti àtijọ́ kí n tó fún un ní tuntun. Ni Bàbá bá mi orí. Wọ́n mú mi lọ sídìí òfì kan ní òdìkejì títì, níbi tí ahunṣọ kan ti parí aṣọ kan, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò fa ìyókù òwú jáde kúrò nínú omù, ìyẹn ibi tí òwú ń gbà kọjá. Ṣe ló ń so òwú tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń rọra fà á. Bàbá ní, "Ti àtijọ́ ló ń mú tuntun wọlé. Bí o bá kọ́kọ́ fà á yọ, odindi ọjọ́ lo máa fi wá ojú ihò." Ojú tì mí, nítorí sáfà lè ní àdírẹ́sì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tuntun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí i, mo máa gba ibẹ̀ wọlé, kí n tó fọwọ́ kan ti àtijọ́.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ mi, ni pé lẹ́tà kan wà nínú báàgì mi ní gbogbo àkókò yẹn, tí mo kọ sí ọ̀gá wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kámẹ́rà méjì lè ṣọ́ géètì, pé kí a sọ fún Bàbá kí wọ́n máa lọ sinmi nílé. N kò kọ ẹni tí yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ síbẹ̀. N kò tilẹ̀ rò ó. Bí a ṣe ń bọ̀ láti ìdí òfì lọ́jọ́ náà, Bàbá fi ọwọ́ lé mi léjìká nítorí orúnkún wọn, báàgì náà sì wà ní èjìká mi kejì. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, síbẹ̀ èmi ni mo fẹ́ fà wọ́n yọ. Mo mú lẹ́tà náà jáde, mo fà á ya wẹ́wẹ́ kí a tó dé géètì.

"Kí lò ń fà ya?" ni Bàbá bi mí.

"Ìwé kan tí mo kọ láì kà á lẹ́ẹ̀kejì ni, Bàbá."

Wọ́n ní mo ṣe é dáadáa.