Ọkọ̀ ojú omi tí mo fi ẹnu ara mi rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi láàárín ìlú Òkìtìpupa, tí kò sì sí odò kankan lẹ́yìnkùlé mi!

Ọlidé gígùn tó kọjá yìí ni. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Èkó fi ọmọ rẹ̀, Fèyí, ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, torí ọmọ náà ti ń lọ sí bí ọdún mẹ́wàá, kò sì tíì sùn nílé wa rí. Inú mi dùn débi pé mo ra bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tuntun! Tuntun ti òkìrìká ni o, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò pẹ́ tí ojú ọmọ fi fà ro. Òjò ń rọ̀, iná ò sí, kò sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ bíi ti Èkó. Mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé ibí ti sú òun. Bàbá rẹ̀ ní tó bá fi máa di Sátidé tí ara rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, òun á wá mú un lọ. Ṣé ẹ mọ bó ṣe dùn mí tó? Tíṣà bíi tèmi ò sì lówó tó máa gbé ọmọ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Mo bá ní ká lọ ṣeré lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni, eré! Ta ló ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń béèrè pé èló? Fèyí ò mọ ọjà á ná, torí níbi tí wọ́n ti ń rajà l'Ékòó, wọ́n ti lẹ iye mọ́ gbogbo nǹkan. A yà síbi òkìrìká, a ń ṣà á, a ń ná an. Ọmọ náà ná fìlà kan títí ẹni tó ń tà á fi bú sẹ́rìn-ín. Fèyí náà rẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀ nìyẹn!

Orí mi wú. Nígbà tí a dé ìdí àwọn ẹlẹ́ja, mo rí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ti gbó, tí ìyá Ìlàjẹ kan ń kó apẹ̀rẹ̀ ẹja sí nínú ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní kí Fèyí wò mí dáadáa, pé kò sí ohun tí a kì í ná. Mo béèrè iye ọkọ̀. Ìyá náà dá iye tó ga. Èmi náà gbójú, mo dá iye bàtà òkìrìká kan!

Mo ti ń retí èébú. Ìyá wò mí, ó wo ọkọ̀, ó ní, "Ọma mi, gbé e."

Hàà! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà wa, ẹ mọ̀ pé mo ti rà á nìyẹn. O dá iye, wọ́n gbà fún ọ, o fẹ́ sá lọ kẹ̀? Àárọ̀ ṣì ni, èmi sì ni oníbàárà tó kọ́kọ́ dúró nídìí igbá rẹ̀. Ta ló fẹ́ ba ọjà ìyá oníyàá jẹ́? Ẹyin lohùn. Mo sanwó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé ọkọ̀ náà ń jò, pé ó ti pẹ́ tóun ti ń wá ẹni tó máa bá òun gbé e kúrò.

Ọmọlanke la fi gbé e délé. Ọlọ́kadà kan bi mí bóyá òkun ti ń bọ̀ l'Ókìtìpupa ni. Ojú tì mí, àmọ́ Fèyí ń rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sẹ́bàá títì. Àwọn ológbò àdúgbò tẹ̀lé òórùn ẹja wọlé.

Ọmọ náà ló ní, "Àǹtí, ṣé a ò lè fi ṣe swimming pool?"

Ọpọlọ Èkó! A fi ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí òórùn fi lọ. A pọnmi kún un, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti mu gbogbo rẹ̀. Sátidé sì ń bọ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an.

Alfa Làmídì, ará ilé wa tó ń ṣòwò epo pupa, ló gbà wá. Ó ní ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, ń sun jáde fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀ lóko àwọn, kí ló dé tí a ń jìyà? Ó bù ú wá nínú agolo, ó yọ́ ọ lórí iná, ó fi ọ̀dà náà àti òwú dí gbogbo ibi tó là. Lọ́jọ́ kejì, òjò ńlá rọ̀, ó sì kún ọkọ̀ náà fọ́fọ́, lọ́fẹ̀ẹ́!

Ẹ wo ariwo! Àwọn ọmọ àdúgbò ya wọlé, wọ́n ń ta omi síra wọn, èmi náà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mi ò purọ́ fún yín, mi ò gbádùn ọlidé báyìí rí.

Sátidé pé, àbúrò mi dé. Ó ní kí ọmọ lọ di ẹrù. Fèyí jáde nínú omi, ó ní òun fẹ́ dúró títí ilé-ìwé á fi wọlé. Bàbá rẹ̀ ní kó jẹ́ ọjọ́ kan sí i. Ọmọ ní kò gbà. Bàbá ní kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, pé òun ò tún lè fi kún un mọ́. Fèyí ò bá a jà o. Ó kàn kẹ́yìn sí i, ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ná ọjà, tó fẹ́ lọ rà á níwájú.

Bàbá rẹ̀ pè é padà, ó ní òun gbà! Òun nìkan ló dá wakọ̀ lọ sí Èkó.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe owó púpọ̀ ló ń mú ọlidé dùn. Àmọ́ ẹ má ṣe ná ohun tí ẹ ò lè gbé o! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti ná rí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbé lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan lojú ń tì!