Ẹ̀rí tí Tíṣà Mákindé Jẹ́ nípa Ayò

Bí àlejò bá dé Ayétòrò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ó ń wá Gideon Mákindé, kò sí ẹni tí yóò júwe ilé fún un. Ṣọ́ọ̀bù Àlájì Mùnírù, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọ̀kadà, ni wọn yóò nawọ́ sí. Lábẹ́ páànù tí ó yọ síwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni yóò ti bá ọkùnrin méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn, tí ọpọ́n ayò wà láàrin wọn. Èyí tí ó ń pariwo ni Àlájì. Èyí tí kò sọ̀rọ̀ ni Gideon.

Tíṣà Mákindé ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí, bí ó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìṣirò ni ó kọ́ àwọn ọmọ Yewa títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, kì í pẹ́ dé ibi kankan, ó sì máa ń fi aṣọ nu àwọn ọmọ ayò kí ó tó kó wọn sínú ọpọ́n.

Ohun kan ni kò lè ṣe: kò lè yin ara rẹ̀. Bí ọmọ tí ó kọ́ bá yege nínú ìdánwò, a ní orí ọmọ náà ni. Bí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá ta dáadáa, a ní òjò ni ó ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá gbóríyìn fún un, a wo ilẹ̀, a ní, "Oore-ọ̀fẹ́ ni." Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀, ọmọ tí ó bá sì sọ nínú ilé wọn pé "mo mọ̀ ọ́n ṣe" gbọ́dọ̀ gbọ́ ìwàásù lórí ìgbéraga kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Àlájì Mùnírù, tí ó fi ọdún díẹ̀ jù ú, kò ní irú ìnira bẹ́ẹ̀.

"Lónìí ni wàá mọ̀ pé àgbà ju àgbà lọ, Tíṣà. Ta á! Kí lò ń wò? Àbí wàhálà ti dé bá ọ?"

"Ẹ rọra, Àlájì. Mo ń rò ó ni."

"Ro ó dáadáa. Ẹni tí yóò kú á kọ́kọ́ ronú."

Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n máa ń ṣe ìdíje ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọ̀ta ayò a wá láti Òkè-Ọ̀dàn, láti Ipokia, àti láti Ìwòyè-Kétu, níbi tí ọkùnrin kan ti máa ń wá tí ó ń bú ara rẹ̀ ní Faransé bí ó bá pàdánù. Gbogbo wọn a dá owó, wọn a ra àgbò kan. Ẹni tí ó bá borí ni ó ni àgbò náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mú un relé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí gbogbo olùdíje á sì jẹ nínú rẹ̀. Awọ rẹ̀ nìkan ni ti ẹni tó borí, orí awọ náà ni yóò sì máa jókòó sí ta ayò títí ọdún á fi yí po. Ó ti di ọdún mẹ́ta léraléra tí Tíṣà ti ń jókòó sórí awọ. Àlájì ni ó sì ń ṣe ipò kejì.

"Oríire lásán ni," ni Àlájì ń sọ fún gbogbo oníbàárà, títí kan àwọn tí kò bá a sọ̀rọ̀ ayò rárá, tí wọ́n kàn wá ra pọ́lọ́ọ̀gì.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn kí ọ̀rọ̀ òfin tó dé.

Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó fẹ́ ṣe òfin lórí tẹ́tẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti pọ̀ ní gbogbo orígun ìlú, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n máa gbàwé àṣẹ, kí wọ́n máa san owó orí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọmọdé wọlé. Inú Tíṣà dùn nígbà tí ó gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí àbá òfin náà kà fúnra rẹ̀, ó bá abala kan pàdé: eré yòówù tí àwọn olùdíje bá ti dá owó jọ, tí ẹnì kan sì gba ẹ̀bùn, tẹ́tẹ́ ni. Wọn yóò gbàwé àṣẹ fún un, wọn yóò sì san owó orí lórí ẹ̀bùn náà, àfi tí ó bá wà lára àwọn eré tí òfin yọ sílẹ̀ nítorí pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe oríire. Wọ́n yọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Wọ́n yọ eré sísá sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ yọ ṣẹ́ẹ̀sì àwọn Òyìnbó sílẹ̀. Ayò kò sí níbẹ̀.

"Owó orí lórí àgbò!" ni Àlájì figbe ta. "Àgbò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ wo ni ti ìjọba níbẹ̀?"

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Owó orí kọ́ ni ó ń rò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Àlùfáà Ọmọ́délé, olórí ìjọ wọn, tí ó ti jẹ́ ọmọ kíláàsì Tíṣà nígbà kan, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Bí òfin bá pè é ní tẹ́tẹ́, n kò mọ bí mo ṣe máa dúró lórí pẹpẹ kí n ní kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ẹ sì mọ ìlànà ìjọ wa lórí alàgbà tó bá ń ta tẹ́tẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n, Àlùfáà," ni Tíṣà wí. "Èmi ni mo dá a lábàá."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan ọmọ ayò mọ́. Ó ní kò yẹ kí òun máa ṣe ohun tí òfin kò tíì dájọ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ a dé, a jókòó sílé, a máa wo ọ̀nà. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìkòkò ìyàwó rẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù.

"Bàbá Ìtẹ́," ni Edith, ìyàwó rẹ̀, fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é, "mo gbọ́ pé àwọn aṣòfin ń bọ̀ ní Ìlarò láti gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá gba ayò lọ́wọ́ yín, èmi ni mo gbé."

Bẹ́ẹ̀ ni òun àti Àlájì ṣe gba ọ̀nà Jóga àti Ìbèsè lọ sí Ìlarò nínú mọ́tò Àlájì, pẹ̀lú ọpọ́n ayò tí Tíṣà dì sínú aṣọ inura lórí itan rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Ọnárébù Toheebat, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ tutù, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan, tó wọ kóòtù nínú ooru. Ó ní kí ìjọba dákun yọ ilé iṣẹ́ òun kúrò nínú owó orí fún ọdún mélòó kan, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ń ríṣẹ́ lọ́dọ̀ òun.

"Iṣẹ́ wo?" ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Iṣẹ́ kí wọ́n máa ya tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí èmi máa gbá a?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe Tíṣà.

Ó tú ọpọ́n, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni pé kíláàsì kan ni ìgbìmọ̀ náà. Ó ní nínú ayò, kò sí ọmọ tí a fi pamọ́, kò sí káàdì tí a fà, kò sí nǹkan tí a jù sókè. Ohun tí èmi rí ni ìwọ náà rí. Ẹni tó bá ro ọ̀rọ̀ jìnnà ni yóò jẹ. Ọnárébù ń mi orí, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àlájì, láti ibi tó jókòó sí, ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà, ó yé wa," ni Ọnárébù wí. "Wọ́n tilẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ borí ní ọdún mẹ́ta léraléra. Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Kí Tíṣà tó mọ̀, orí rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ ti wolẹ̀.

"Háà, mà, kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe mi rárá. Oríire ni. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run lásán ni."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ọnárébù Alága, ẹlẹ́rìí ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Oríire ni."

Ìgbà náà ni ó tó yé Tíṣà ohun tí ẹnu rẹ̀ ti ṣe. Ó fẹ́ tún un sọ. Ṣùgbọ́n láti tún un sọ, àfi kí ó sọ níwájú gbogbo ayé pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde. "Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé..." ni ó wí, ó sì dúró síbẹ̀. Ó wo ọpọ́n náà bí ẹni tí ó ń dágbére fún un.

Ní ti Àlájì, ohun tí ó ti ń sọ fún ọdún mẹ́ta ni akọ̀wé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sílẹ̀ yìí. Bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, ó ti jàre. Ó jókòó díẹ̀. Ó wo Tíṣà. Lẹ́yìn náà ni ó fò dìde.

"Ọnárébù, ẹ dákun, ẹ má gba ọkùnrin yìí gbọ́!"

"Ta ni yín, bàbá?"

"Mùnírù láti Ayétòrò. Èmi ni ó ń nà."

Ẹ̀rín sọ. Ọnárébù ní, "Ṣé irọ́ ni ó pa fún wa ni?"

"Rárá o, kò lè purọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń dà á láàmú. Bí ẹ bá bi í pé ta ló wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí, yóò ní Olúwa ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oríire rẹ̀ ṣe tó. Bí ó bá sá aṣọ, òjò á rọ̀. Bí ó bá gbé agboòrùn jáde, oòrùn á mú. Gbogbo ìṣó tó bá já sílẹ̀ láti Ayétòrò títí dé Ìmẹ̀kọ, táyà rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Èmi ni mo ń ta túùbù fún un, ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ. Bí ó bá jẹ́ oríire ni a fi ń ta ayò, Ọnárébù, èmi ni ǹ bá máa jẹ àgbò!"

Ó pẹ́ kí ariwo tó rọlẹ̀. Alága nu ojú rẹ̀.

"Kí ni ẹ wá fi ń ta á, Àlájì?"

Àlájì ṣí fìlà, ó tún un dé. "Ọgbọ́n ni."

"Ọgbọ́n ta ni ó ń borí?"

"Ọgbọ́n..." Ó wo ìta gbọ̀ngàn bí ẹni tí ó fẹ́ sá. "Tirẹ̀ ni. Ó mọ ayò jù mí lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí sókè, kí akọ̀wé lè gbọ́."

"Ọnárébù, ẹyọ kan ṣoṣo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo gbé wá láti Ayétòrò!"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, alága yíjú sí Tíṣà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òun ń fẹ́: ṣé ó mọ ayò ta, àbí kò mọ̀ ọ́n?

Tíṣà di etí tábìlì mú. Ó gbé ojú rẹ̀ sókè.

"Mo mọ̀ ọ́n ta," ni ó wí. Kíá ni ó sì fi kún un pé, "Nípa oore-ọ̀fẹ́."

"Akọ̀wé," ni Ọnárébù wí, "ẹ kọ apá àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ọlọ́run ti gbọ́ èkejì."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, tí wọ́n sì ti kọjá Ìbèsè, Àlájì ní, "Ohun tí mo sọ lónìí, bí o bá tún un sọ ní Ayétòrò, màá sẹ́ ẹ."

"N kò gbọ́ nǹkan kan, Àlájì."

Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọjá kí ìròyìn tó dé. Rédíò ní ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí òfin náà. Wọn kò yọ ilé tẹ́tẹ́ kankan kúrò nínú owó orí. Lára àwọn eré tí òfin yọ sílẹ̀, wọ́n ka ayò, wọ́n sì ka dráfù tẹ̀ lé e. Edith ti mú fìlà ọkọ rẹ̀ wá kí oníròyìn tó mí.

Nígbà tí ó dé ṣọ́ọ̀bù, Àlájì ti to ọmọ ayò sílẹ̀.

"O pẹ́."

"Mo dúró kí ìròyìn parí ni."

"Èmi kò dúró. Jókòó, kí n tètè nà ọ́, mo fẹ́ lọ kírun."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn pé jọ, Àlùfáà Ọmọ́délé náà sì yà láti kí wọn. Àlájì ń pariwo, ó ń fi ọwọ́ lu itan, títí ó fi fi ìkánjú ta ọmọ kan síbi tí kò yẹ. Tíṣà wo ọpọ́n náà fún ìgbà díẹ̀. Ó gbọ́n gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kó. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí ó fi ń ka Bíbélì nínú ìjọ, ó ní:

"Àlájì, ẹ má bínú o, sà, ọ̀pẹ̀ ni yín."

Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ kí Tíṣà pe ẹnikẹ́ni ní ẹni tí kò mọ ayò ta rí. Àlájì bú sẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Àlùfáà, ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ohun tí alàgbà yín sọ!"

"N kò gbọ́ ohun tó burú níbẹ̀," ni Àlùfáà wí, ó sì sún bẹ́ǹṣì kan mọ́ ọpọ́n kí ó lè ríran dáadáa.