Òkèèrè Tí Owó Wa Ká

Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ kò gùn. Ó ní ojú òsì Màámi ti lọ, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Ó ní ti ọ̀tún ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ bí yóò ti pẹ́ tó. Màámi tún ìborùn wọn dè, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ ṣé, dókítà." Ìgbà tá a bọ́ síta tán ni wọ́n dì mí lápá mú lẹ́bàá títì. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ rí ìlú mìíràn kí èyí tó kù yìí tó lọ. Ìlú tí kì í ṣe Nàìjíríà."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Mẹ́kà ló wà lọ́kàn wọn. Láti ìgbà tí àwa ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gba owó iṣẹ́ la ti ń ṣèlérí rẹ̀: ẹ ní sùúrù, Màámi, a máa rán yín lọ. Ìborùn àti fìlà ni wọ́n ń tà lọ́jà Ifọ̀, òun ni wọ́n fi tọ́ wa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ní sùúrù tó! Nígbà tí mo wá béèrè iye tí Mẹ́kà ń jẹ báyìí, ẹ̀rín ni mo rín, nítorí ẹkún ò lè wúlò fún mi níbẹ̀.

Iṣẹ́ lílẹ táìsì sílẹ̀ ilé ni mò ń ṣe, Lotto ní Mowé ni mo sì ń gbé. Lásìkò yẹn, ilé kan là ń lẹ táìsì sí ní OPIC. Bá a bá ti jókòó láti jẹun báyìí, màá fa fóònù yọ, màá máa wá orílẹ̀-èdè tí kò gbówó lórí. Àwọn ọ̀dọ́ kún inú rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo: ẹ lọ sí Vietnam, ẹ lọ sí Georgia, owó pọ́ọ́kú ni! Pọ́ọ́kú fún ta ni? Wọn ò sọ pé èèyàn á kọ́kọ́ wọ bàálù ná. Mo tún lọ bá ọkùnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn-àjò ní Àjùwọ̀n. Ó ní Kenya dára, Rwanda mọ́ tónítóní. Ó kọ iye rẹ̀ sórí ìwé, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo wo ìwé náà, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé o," mo dìde.

Màámi ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Mo lọ kí wọn ní Ifọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń ráhùn, wọ́n ń ká ìborùn. Wọ́n ní, "Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì bọ́dà ńkọ́?"

"Àjàṣẹ́ kẹ̀! Màámi, ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá? Ṣé ìyẹn náà lẹ̀ ń pè ní òkèèrè?"

"Ṣé owó kan náà la jọ ń ná ni? Ṣé ìjọba kan náà ló ń pàṣẹ fún wa?"

Ká sòótọ́, ojú ń tì mí ni. Mo ti fọ́nnu níbi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé kí ni mò ń wá nínú fóònù lójoojúmọ́, mo ní, "Mò ń gbé màmá mi lọ sókè òkun." Wọ́n bi mí pé ibo, mo ní kí wọ́n máa wò ó. Mo sọ ohun kan náà fún àwọn ará àdúgbò Màámi ní Ifọ̀, mi ò sì dárúkọ ìlú kankan. Ta ló fẹ́ sọ pé Àjàṣẹ́ lòun ń lọ, ibi tí àwọn oníṣòwò ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bí ẹni lọ sí Ṣàgámù?

A ò ṣe pásípọ́ọ̀tù. Ìwé ìrìnnà kékeré tí wọ́n ń lò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà la gbà, kò wọ́n tó o. A gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ọn. Màámi di gààrí, kúlíkúlí àti ẹja yíyan sínú báàgì. Wọ́n tún ká ìborùn tuntun mẹ́fà síbẹ̀. Mo ní kí lẹ fẹ́ fi mẹ́fà ṣe, ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ lò. Wọ́n ní kí n gbé báàgì.

Aṣọ funfun ni Màámi wọ lọ́jọ́ tá a gbéra. Láti Ifọ̀ a wọkọ̀ dé Ọ̀tà, láti Ọ̀tà a wọ òmíràn lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ní bọ́dà, ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó sáré pàdé wa ni mo fẹ́ ti ṣẹ́ owó wa sí sẹ́fà tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Màámi fa aṣọ mi. Wọ́n béèrè iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹnì kejì tó jẹ́ obìnrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà fún wa ju ohun tó kọ́kọ́ pè lọ. Mo ń wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọmọ ìgboro!

Bá a ṣe wọkọ̀ lọ́hùn-ún, Màámi ní kí n kúrò lójú fèrèsé, káwọn lè jókòó síbi tí ojú ọ̀tún yóò ti kọjú síta. Wọ́n ń yí ọrùn kiri bí adìẹ tó rí àgbàdo. Epo bẹntiróòlù wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n tò ó bí ẹni ń ta òróró. Àwọn obìnrin ń fi alùpùpù gbé ara wọn kiri, àwọn mìíràn pọnmọ. Màámi ń gbá mi nítan. "Wò ó! Wò ó! Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á!" Èmi ti rí obìnrin lórí alùpùpù rí, ṣùgbọ́n mi ò ráyè wò ó dáadáa àfi lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti ń wá òtẹ́ẹ̀lì tí owó wa lè ká nígbà tá a dé Àjàṣẹ́. Màámi ní kí n gbé fóònù sápò, wọ́n ní ká lọ sọ́jà. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìborùn ni wọ́n wá lọ tààrà. Wọ́n kí obìnrin kan tó ń tà á, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa aṣọ wò: èyí máa ń ṣí, èyí kì í ṣá. Yorùbá tiwọn ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ. Kó tó di àsìkò ìrun ọ̀sán, a ti rí yàrá sùn. Ilé obìnrin yẹn la sùn fún òru méjèèjì. Kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ìborùn méjì ni Màámi fún un, wọ́n fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀kan, wọ́n fún àwọn ìyàwó ilé ní mẹ́ta. Mẹ́fà pé. Mo gbà fún Màámi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn nínú yàrá yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà mú wa lọ wo mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lẹ táìsì sí mọ́ṣáláṣí, mi ò rí irú èyí rí. Ó rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì láti iwájú. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí wọ́n padà dé, ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ògiri yẹn, kò sí bírikìlà tí mo mọ̀ tó lè ṣe é. Mo ń ṣàlàyé fún Màámi bí wọ́n ṣe máa ń fi símẹ́ǹtì ya òdòdó.

Wọ́n ní, "Má bá mi sọ̀rọ̀. Mò ń wò ó."

Wọ́n jókòó sí òdìkejì títì, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú òsì tí kò kúkú ríran mọ́, wọ́n sì ń wò. Ó pẹ́. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, wọ́n ò kúrò níbẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ kẹta la padà. Obìnrin náà bu omi mímu kún kẹ́ẹ̀gì funfun kan fún wa, ó ní oòrùn mú lójú ọ̀nà. A ò mu ún tán. Bá a ṣe wọ àdúgbò ní Ifọ̀ ni mo gbọ́ ariwo: "Àlàájà ti dé o! Ẹ káàbọ̀, Àlàájà!" Wọ́n ti tẹ́ ẹní sójú ilé. Àwọn obìnrin mú ife lọ́wọ́, bàbá kan mú kọ́ọ̀pù onírin dání. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìyá Mùsùlùmí tó wọṣọ funfun, tó gba ìwé ìrìnnà, tó lọ sókè òkun: ibo tún ni wọ́n máa rò bí kò ṣe Mẹ́kà? Omi zamzam tí àwọn alálàájì máa ń gbé bọ̀ láti ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ẹnì kan ti gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, wọ́n ti ń bù ú. Wọ́n ń mu, wọ́n ń fi pa orí.

Mo rò ó nínú mi pé, ta ló máa pa lára? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi jẹ́ Àlàájà, ó ti tọ́ sí wọn.

Ìyá kan tó ń gbé ilé kejì bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó súnmọ́ Màámi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi pa ojú yín, Àlàájà. Ọlọ́run á wò ó sàn."

Màámi di ọwọ́ ìyá náà mú. Wọ́n ní, "Mi ò dé Mẹ́kà. Àjàṣẹ́ ni mo lọ. Omi tá à ń mu lọ́nà lẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ zamzam ni, ṣé mi ò ní ti fi pa ojú mi kó tó dọ́dọ̀ yín?"

Mo ní èmi ni kí ẹ bá wí, èmi ni mo sọ fún yín pé òkè òkun, tí mi ò dárúkọ ìlú. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Bàbá yẹn da omi inú kọ́ọ̀pù rẹ̀ nù jẹ́ẹ́jẹ́.

Màámi ò bínú sí mi, wọn ò sì bínú sí àwọn ará àdúgbò. Wọ́n jókòó sórí ẹní tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ fún Àlàájà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn epo nínú ìgò, àwọn obìnrin lórí alùpùpù, àti mọ́ṣáláṣí tó ní òdòdó lára ògiri. Kò sẹ́ni tó dìde. Ìyá ilé kejì yẹn ló bi wọ́n pé, "Ṣé ó wá yàtọ̀ sí ibí lóòótọ́? Àbí ẹ kàn fowó ṣòfò?"

"Ó yàtọ̀," ni Màámi wí. "Mo rí i."